Vincent de Paul, Bàbá Àwọn Tálákà

Àánú a máa ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí wọ́n bá rí aláìní, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ẹni tí ó mọ bí a ti í fi ètò sí àánú kí ó má baà tán lóòjọ́. Ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ náà ni Vincent de Paul, ọmọ ilẹ̀ Faransé.

Ọdún 1581 ni a bí i ní abúlé Pouy, lẹ́bàá ìlú Dax, abúlé tí ó ń jẹ́ orúkọ Vincent fúnra rẹ̀ lónìí. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, òun náà sì ń da ẹran wọn ní kékeré. Nígbà tí bàbá rẹ̀ rí i pé ó mòye, ó fi í sí ilé ẹ̀kọ́ ní Dax. Lẹ́yìn náà ó ta akọ màlúù méjì kí ọmọ lè tẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ kan bàbá yìí wá bẹ̀ ẹ́ wò. Aṣọ àgbẹ̀ ni ó wọ̀, ó sì ń tiro. Ojú ti ọmọ, ó sì kọ̀ láti jáde sí i. Nígbà tí Vincent di arúgbó, òun tìkára rẹ̀ a máa fi ìbànújẹ́ ròyìn ìwà yìí.

Ó di àlùfáà ní ọdún 1600. Ní àkókò náà ipò àti owó ni ó ń lépa, kí ó lè gbé ìdílé rẹ̀ dìde. Ó sì bá àwọn ọlọ́lá Paris rìn. Ọdún 1617 ni ọ̀rọ̀ yí padà, ní ìlú kékeré Châtillon. Bí ó ti ń múra ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a wá sọ fún un pé gbogbo ará ilé kan ní ẹ̀yìn ìlú ń ṣàìsàn, kò sì sí olùrànlọ́wọ́. Ó kéde rẹ̀ fún ìjọ. Ní ọ̀sán, ọ̀nà ilé náà kún fún àwọn obìnrin tí wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó rí i pé oúnjẹ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò bàjẹ́, ebi yóò sì tún dé lọ́la. Àánú kò wọ́n ní ìlú náà. Ètò ni kò sí. Kò pẹ́ tí ó fi kó àwọn obìnrin náà jọ di ẹgbẹ́: olúkúlùkù ní ọjọ́ tirẹ̀ láti se oúnjẹ àti láti gbé e fún aláìsàn, a sì yan olùtọ́jú owó.

Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Ní 1625 ó dá ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà sílẹ̀ fún àwọn ará abúlé. Ní 1633, òun àti opó kan, Louise de Marillac, kó àwọn ọmọbìnrin abúlé jọ láti máa tọ́jú aláìsàn nínú ilé wọn, dípò kí wọ́n wà ní àhámọ́ bí àwọn obìnrin ìsìn ìgbà náà. Ní 1638 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn ọmọ ọwọ́ tí a gbé sọnù ní Paris. Nígbà tí ogun ba ilẹ̀ Lorraine jẹ́, Vincent fi owó ránṣẹ́ síbẹ̀. Mathieu Regnard ni ó ń gbé e kọjá láàárín ọmọ ogun àti ọlọ́ṣà, nínú àpò bíi ti alágbe. Ó lọ ju ìgbà 50 lọ, owó náà kò sì bọ́ sọ́wọ́ olè. Ilé àwọn ọlọ́lá tí Vincent ti ń lọ rí nítorí ara rẹ̀, nítorí tálákà ni ó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nísinsìnyí.

Ó kú lórí àga rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, 1660. Póòpù Clement Kejìlá kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ ní 1737. Ní 1833, Frédéric Ozanam àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Paris tí ó wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé owó tí a kò ṣírò kì í pẹ́ tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àánú: ẹni tí yóò bọ́ aláìní lónìí, kí ó ro ti ọ̀la mọ́ ọn.