Ìgbé Ayé Dókítà James Blundell (1790–1878)

Ìlú London ni a ti bí James Blundell ní ọdún 1790. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh, ó sì gboyè ní ọdún 1813. Lẹ́yìn náà, ó padà sí London, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìgbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn Guy's.

Ní ìgbà náà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ, ìwọ̀nba ni ohun tí oníṣègùn lè ṣe. Ọ̀ràn yìí dun Blundell púpọ̀. Ó fi ajá ṣe ìdánwò: ó fi síríńjì gba ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan tí ó ń gbé e jáde kúrò nínú ọkàn, ó sì dá a padà sínú iṣan tí ó ń gbé e lọ sí ọkàn ajá kan náà. Ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ti jáde ṣì wúlò fún ẹni tí ó ni ín. Ó tún rí i pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lè pa ajá, nítorí náà ó pinnu pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nìkan ni ó yẹ ènìyàn.

Ní ọdún 1818, ó fa ẹ̀jẹ̀ sí ara ọkùnrin kan tí jẹjẹrẹ inú ikùn ti sọ di aláìlágbára. Ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú lẹ́yìn wákàtí 56. Ní ọdún 1829, abiyamọ kan tí ó gba ẹ̀jẹ̀ lára olùrànlọ́wọ́ Blundell yè. Kò tíì sí ẹni tí ó mọ̀ nípa ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1901 ni Karl Landsteiner ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí ó yá, Blundell fi Guy's sílẹ̀, ó sì kú ní ọdún 1878.

Lónìí, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lè dà nígbà iṣẹ́ abẹ fún jẹjẹrẹ tí ó ti ràn dé eegun ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ kan lè fa ẹ̀jẹ̀ náà, kí ó fọ̀ ọ́, kí a sì dá sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ padà sí ara aláìsàn. Ohun tí a ń bẹ̀rù ni pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè bá a wọlé. Ìdí nìyí tí a fi ń lo asẹ́ tí ó ń mú sẹ́ẹ̀lì funfun, tí ó sì ń dín sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kù gidigidi. Ìwádìí tí ó wà kò tíì fi hàn pé ọ̀nà yìí ń mú jẹjẹrẹ tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì pọ̀ tó. Kí olùtọ́jú béèrè lọ́wọ́ dókítà ṣáájú iṣẹ́ abẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ yóò ti wá, kí ó sì wá àwọn tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní kùtùkùtù.