Roy Chicago, Ọmọ Ìkàrẹ́

Láàrin àwọn òkè ilẹ̀ Àkókó, ní ìhà àríwá Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni ìlú Ìkàrẹ́ wà. Ìlú náà ni John Akíntọ́lá Adémúwàgún ti wá, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Roy Chicago. Àwa tí a wà ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó lè rò pé Ìkàrẹ́ jìnnà sí wa, nítorí ìhà gúúsù ni tiwa. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀ ní ọdún 1967 tí ó kan iṣẹ́ ọkùnrin yìí. A ó dé ibẹ̀.

Chicago jẹ́ ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí orin jáàsì àwọn aláwọ̀ dúdú ti gbilẹ̀ gidigidi. Irú orin bẹ́ẹ̀ ti ń wọ Èkó lórí àwo giramafóònù kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí ní 1945. Ní 1947, Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, dé láti Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Cassandra aya rẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí dà bí ilé-ìwé: níbẹ̀ ni Victor Ọláìyá ti kọ́ iṣẹ́, níbẹ̀ pẹ̀lú sì ni Roy Chicago gbà kọjá. Fèrè sasofóònù ni ohun èlò tirẹ̀. Ìbàdàn ni ó ti kọ́kọ́ di gbajúmọ̀ ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Lẹ́yìn náà ni ó kó lọ sí Èkó, ó sì ń ṣeré ní ilé ìtura Abalábí ní Mushin. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba orúkọ tí à ń pè wọ́n, Abalabi Rhythm Dandies.

Orin háíláìfù ni orin òde àríyá nígbà náà. Àwọn ọkùnrin a wọ kóòtù, àwọn obìnrin a wọ bàtà gogoro, fèrè a máa dún, gìtá a máa tẹ̀lé e. Ìlù tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ìlù òyìnbó àti ti àwọn ará Kúbà. Ó ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀. Roy Chicago ni a ń yìn pé ó mú gángan wọ inú ẹgbẹ́ háíláìfù. Bí ẹlòmíràn bá ti dán an wò ṣáájú rẹ̀, kí àwọn àgbà olórin máa jiyàn lé e. Lójú tèmi, kò sí ẹni tí ó rí àyè fún un tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ohùn fèrè kò yí padà kúrò ní ibi tí àwọn òyìnbó ṣe é sí. Gángan kò rí bẹ́ẹ̀: abíyá ni onílù fi ń fún osán rẹ̀ tí ohùn fi ń lọ sókè, bí ó bá sì dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Bí èdè wa ti rí nìyẹn, nítorí igba kì í ṣe igbá, igbá kì í sì í ṣe ìgbà. Olórin tí ó bá gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti lọ sílẹ̀ ti sọ ohun mìíràn. Nígbà tí gángan bá wà nínú agbo, àwọn afunfèrè náà ní láti fetí sí ọ̀rọ̀, kì í ṣe sí ijó nìkan. Báyìí ni ẹni tí ó fi ìlú Amẹ́ríkà jẹ́ orúkọ ṣe wá di ẹni tí orin rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá jù lọ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìtàn àti àṣà ilé ni ó ń kó sínú orin. Túndé Ọ̀ṣọ́fisan wà lára àwọn tí ń bá a kọrin. Jimi Ṣólàńkẹ́, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, ni ó sì ṣe orin Onílé Gogoro fún un. Orin náà lókìkí púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ìyàwó Páńkẹ́kẹ́.

Ogun Abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Bìáfírà wọ Ìpínlẹ̀ Àárín Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n gba Bìní kọjá, wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Èkó. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Ìjọba Àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ohun tí a fi ń dá àpèjúwe ìjà títí di òní. Ṣùgbọ́n kí ìbọn tó dún ní Ọ̀rẹ̀ rárá ni agbo háíláìfù ti ń tú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fun fèrè tí wọ́n sì ń ta gìtá ní Èkó àti Ìbàdàn jẹ́ ọmọ ìhà ìlà-oòrùn. Wọ́n ti padà sílé nítorí ẹ̀mí wọn. Ogun wá gba àárín àwọn tí ó ti ń ṣeré lórí pèpéle kan náà. Ẹgbẹ́ Roy Chicago fara gbá a púpọ̀, kò sì tún rí bíi ti ìgbà àtijọ́ mọ́.

Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó ti yí padà sí orin jùjú ti Ebenezer Obey àti Sunny Adé. Gìtá pọ̀ nínú tiwọn, fèrè kò sí, gángan sì wà ní iwájú. Ní ọdún 1989 ni Roy Chicago kú.