Andreas Riis, Akọ́lé Orí Òkè Akuapem

Ẹni tí ó bá gba inú ọjà Sábó, ní Yábàá, kọjá nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ kúrò nílẹ̀, yóò rí àwọn ìyá tí wọ́n to kókò ní òkìtì òkìtì sórí àpò. Oríṣi méjì ni. Èyí tí àwọn baba ńlá wa ti ń jẹ láti ayébáyé ni èyí tí igi ewé rẹ̀ so mọ́ ẹ̀yìn ewé, tí kò dé etí rẹ̀. Èkejì, ibi tí ewé ti là ní ìsàlẹ̀ gan-an ni igi tirẹ̀ bọ́ sí, àwọn ọmọ tí ó yí ìyá ká ni a sì ń jẹ, nítorí ìyá a máa yún ni lọ́fun. A bi ìyá kan léèrè ibi tí èkejì yìí ti wá, ó sì dá wa lóhùn pé oko bàbá òun ni. A kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n mọ ìtàn ohun ọ̀gbìn sọ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀, àti pé ní ọdún 1843 ni a gbé e dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, sórí àwọn òkè Akuapem ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ẹni tí ó ṣe okùnfà rẹ̀ ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

Andreas Riis ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọdún 1804 ní ìlú Løgumkloster, tí ó wà lábẹ́ ọba Denmark nígbà náà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Míṣọ́nnárì ti Basel ní ilẹ̀ Switzerland, ó sì gúnlẹ̀ ní Christiansborg, ilé olódi àwọn ará Denmark ní Osu lẹ́bàá Accra, ní oṣù kẹta ọdún 1832. Kí ó tó dé, Ẹgbẹ́ náà ti rán ọkùnrin mẹ́rin ṣáájú ní ọdún 1828. Mẹ́ta kú kí wọ́n tó lo ọdún kan tán; ẹ̀kẹrin tẹ̀ lé wọn ní 1831. Riis pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn ni wọ́n jọ wá dípò wọn. Heinze, ẹni tí í ṣe dókítà àárín wọn, kò lo oṣù méjì tí ó fi kú, Jäger sì kú ní oṣù keje. Ibà dá Riis náà dùbúlẹ̀, a sì ti gbà pé òun ni ó kàn. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan ni ó fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, tí ó fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ tọ́jú rẹ̀ títí ó fi dìde. Kí àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Ìjọ máa rántí èyí: kí míṣọ́nnárì náà tó fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ohunkóhun, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ àlùfáà àwọn ará Denmark dá a dúró sí etí òkun fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1835 ni ó gun òkè lọ sí Akropong, olú ìlú Akuapem. Àwọn ìlú Akuapem tò tẹ̀ lé ara wọn lórí òkè bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù ju ti etí òkun lọ, igbó sì bo ẹ̀gbẹ́ òkè náà. Ọba Nana Addo Dankwa gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ahéré ni ó kọ́kọ́ ń gbé. Nígbà tí ó yá, ó wọ inú igbó lọ gé igi fúnra rẹ̀, ó fọ́ òkúta, ó sì po ẹrẹ̀, títí ó fi kọ́ ilé tí ó dúró ṣinṣin. Àwọn ará ìlú kò tíì rí òyìnbó tí ẹrẹ̀ kùn dé ìgbọ̀nwọ́ rí. Wọ́n sọ ọ́ ní Osiadan, èyí tí ó túmọ̀ sí Akọ́lé, orúkọ náà ni a sì ń rántí rẹ̀ sí níbẹ̀ títí di òní.

Ilé dúró, ṣùgbọ́n ìjọ kò sí. Ní 1836 ni Anna Wolters, ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀, dé láti Denmark, àwọn ọkùnrin méjì, Stanger àti Mürdter, sì bá a wá. Stanger kú ní ọdún kejì, Mürdter kú ní 1838. Ikú mú ọmọ Riis náà lọ. Ó rin ìrìn àjò lọ sí Kumasi láti wo bóyá ọ̀nà lè ṣí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Asante, ọ̀nà kò ṣí. Nígbà tí ó fi máa padà sí Yúróòpù ní 1840, nínú àwọn mẹ́sàn-án tí Ẹgbẹ́ náà ti rán jáde, mẹ́jọ ti wà ní ibojì, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tí a ti rì bọmi. Ọdún méjìlá ni a fi ṣe èyí.

Ìgbà tí ó ń dágbére ni Nana Addo Dankwa sọ ọ̀rọ̀ kan fún un tí àwọn ará Akuapem kò jẹ́ kí ó sọnù. Ọba náà ní nígbà tí Ọlọ́run dá ayé, ó fún òyìnbó ní ìwé, ó sì fún ènìyàn dúdú ní òrìṣà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Riis bá lè fi ènìyàn dúdú tí ó ń ka ìwé òyìnbó hàn wọ́n, dájúdájú àwọn yóò tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn lè ka ọ̀rọ̀ yìí sí ìkọ̀sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lójú tiwa, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ọba náà ń fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀sìn tí a gbé wá yìí lè di ti ẹni tí awọ rẹ̀ dà bí tirẹ̀, tàbí ẹrù àlejò ni yóò máa jẹ́ títí láé.

Ní Basel, ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kí a fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Hoffmann, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí iṣẹ́ Ẹgbẹ́, kò gbà. Ó ní kí a lọ wá ìdáhùn fún ọba náà. Ní erékùṣù Jàmáíkà, a ti dá gbogbo ẹrú sílẹ̀ pátápátá ní 1838, Ìjọ Moravian sì ní ọmọ ìjọ púpọ̀ láàárín wọn tí wọ́n mọ̀wé, tí wọ́n sì mọ iṣẹ́ ọwọ́. A rán Riis lọ síbẹ̀ ní 1842, pẹ̀lú àlùfáà Widmann àti Thompson, ọmọ Áfíríkà tí ó kàwé ní Switzerland. A bá àwọn tí ó gbà láti lọ dá májẹ̀mú pé a ó fún wọn ní ilé àti ilẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ dúró mọ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, Ẹgbẹ́ yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé. Ènìyàn mẹ́rìnlélógún, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, ni wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ Joseph Anderson ní Kingston ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1843; gbogbo wọn wá láti Jàmáíkà àfi ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Antigua. Ọ̀kan nínú wọn ni Catherine Mulgrave, olùkọ́ obìnrin, tí a bí ní Angola, tí àwọn olówò ẹrú jí gbé ní kékeré. Ní àkókò Àjíǹde ni ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ ní Christiansborg. Ní ọdún yìí kan náà ni a fi Àjàyí Crowther jẹ oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Townsend sì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ Abẹ́òkúta.

Nígbà tí wọ́n gun òkè dé Akropong, wọ́n kọ́ ilé olókùúta sí apá kan ìlú. Wọ́n gbin máńgòrò, wọ́n gbin píà, wọ́n sì gbin kókò tí a sọ níṣàájú. Ohun tí ó jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ òkè fẹ́ràn kókò yìí kò ṣòro láti mọ̀: kò béèrè igi ìlẹ̀kọ́ bí iṣu, ó ń ta lábẹ́ òjìji igi ńlá, ìdílé sì lè máa wà á díẹ̀díẹ̀ bí ebi bá ṣe ń pa wọ́n. Láti àgbàlá dé àgbàlá ni ó ti tàn kálẹ̀, láìsí ìwàásù kankan. Alexander Worthy Clerk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró níwájú àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn òbí sì ń yọjú lójú fèrèsé wo ènìyàn dúdú tí ó ṣí ìwé tí ó sì ń kà á. Ọba ti rí ìdáhùn rẹ̀.

A kò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún yín. Riis tí ó fara da ikú àti ìnìkanwà kò mọ bí a ti í bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó le mọ́ àwọn ará Jàmáíkà ju bí ó ti yẹ lọ. Wọn kì í ṣe ẹrú mọ́, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ráhùn nípa oúnjẹ àti ibùgbé, òun sì fẹ́ kí àṣẹ òun nìkan ṣẹ. A tún fi í sùn ní Basel pé ó ń ṣòwò, ẹ̀tù ìbọn pàápàá wà nínú ọjà rẹ̀. Ní 1845 ni ó fi òkè náà sílẹ̀, Ẹgbẹ́ sì yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́. Norway ni ó ti lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀, ó sì kú níbẹ̀ ní 1854, láì tún fojú kan ilé tí ó kọ́. Àwọn kan a máa fo apá ìtàn yìí. Àwa rò pé àwọn tí wọ́n ń ṣe alábòójútó ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ náà kò bá a lọ. Ní 1848, tí ọdún márùn-ún pé, àwọn kan nínú àwọn ará Jàmáíkà yàn láti padà, àwọn mìíràn sì yàn láti dúró. Ọdún náà ni Widmann àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Akropong, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Níbi tí Ẹgbẹ́ náà ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ ní Christiansborg ni ọmọ kan tí ń jẹ́ Tetteh Quarshie ti kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Òun ni ó mú irúgbìn kòkó ti Fernando Po dé, tí ó sì gbìn ín ní 1879 ní Mampong, lórí òkè kan náà. Abẹ́ ewé kókò tí àwọn ará Jàmáíkà mú wá ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń fi òjìji bo ọ̀dọ́ igi kòkó lọ́wọ́ oòrùn. Nígbà tí ó fi di 1911, kò sí ilẹ̀ kan ní gbogbo ayé tí kòkó rẹ̀ tó ti Gold Coast.

Alexander Clerk wà lára àwọn tí ó dúró. Ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ó bímọ níbẹ̀, àlùfáà sì jáde nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ní Aburi, lórí òkè náà, ni ó kú sí ní ọdún 1906.