Ta ni Adéoyè Lambo, dókítà Àrò tí kò fẹ́ kí aláìsàn dá nìkan wà pẹ̀lú oògùn ọpọlọ?

Ní ibùdókọ̀ Maryland, tí awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́ bá gbéná wojú ara wọn, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ fún èkejì pé kó máa lọ sí Àrò, tàbí pé Yaba Left ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Èébú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi orúkọ méjèèjì bú ara wọn. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó sọ Àrò di ibi tí àwọn dókítà ń ti òkè òkun wá wò, ọmọ Abẹ́òkúta gangan ni. Thomas Adéoyè Lambo ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di dókítà àìsàn ọpọlọ ní ìlànà òyìnbó.

Ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Ó ka ìwé ní Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta kó tó ré kọjá sí Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ó gboyè ní 1948, ó padà wálé ní 1950, ìjọba amúnisìn sì gbà á síṣẹ́ dókítà. Ó ṣiṣẹ́ ní Èkó, wọ́n tún gbé e lọ sí Zungeru àti Gusau lókè Ọya. Lẹ́yìn náà ló padà sí London lọ kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ. Nígbà tó fi máa di 1954, ó ti dé Àrò.

Irú ìtọ́jú wo ló bá nílẹ̀? Ilé tí ìjọba ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí ti wà ní Calabar láti 1904, ti Yaba sì bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Lántòrò ní Abẹ́òkúta náà ti wà láti 1944. Ká má parọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni púpọ̀ nínú wọn jọ. Wọ́n ń ti èèyàn mọ́lé kó má bàa da ìlú rú ni, ìtọ́jú kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ìtọ́jú wà, àmọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí Lambo dé Àrò, wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn tuntun náà parí. Dókítà mìíràn ì bá dúró de bíríkìlà. Lambo ò dúró. Ó lọ bá àwọn bálẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ tó wà ní àwọn abúlé tó yí Àrò ká, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n sì gba owó ilé. Májẹ̀mú kan wà níbẹ̀ o: aláìsàn ò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, ẹnì kan nínú mọ̀lẹ́bí gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa dáná fún un, kó máa fọṣọ rẹ̀, kó máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, kó sì mú un padà sílé tó bá di ìrọ̀lẹ́. Aláìsàn tó bá lè ṣe é ń bá ará abúlé lọ sóko. Kò sí ògiri gíga, kò sì sí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀.

Àsìkò tí èyí ń ṣẹlẹ̀ ṣe pàtàkì. Ní 1952, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní Paris fi hàn pé oògùn kan tó ń jẹ́ chlorpromazine lè mú kí ohùn tí ẹlòmíì kì í gbọ́ lọlẹ̀ létí aláìsàn, kí ìbẹ̀rù tí kò nídìí sì dínkù. Largactil ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí. Kí ó tó dé, kò sí oògùn òyìnbó tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti tàn káyé. Ní 1958, wọ́n ṣe haloperidol ní Belgium. Ìran oògùn yìí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe pé kí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú gan-an máa gbé láàárín abúlé láìsí ẹ̀wọ̀n.

Lambo tún ṣe ohun kan tó bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan nínú: ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́. Àwọn kan rò pé ó fẹ́ sọ ilé ìwòsàn di ojúbọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àwọn baba yìí mọ ìdílé, wọ́n mọ àṣà, wọ́n sì mọ ohun tí aláìsàn ń bẹ̀rù. Wọ́n mọ ewé náà. Asofẹ́yẹjẹ wà lára ewé tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń lò fún wèrè tipẹ́tipẹ́. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Àrò, kọ ìwádìí jáde ní 1960 lórí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu ni pé igi náà ní reserpine nínú, èròjà kan náà tí àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ ní 1952 láti ara igi ilẹ̀ Íńdíà tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, tí wọ́n sì ń tà bí oògùn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwúrí nìkan nìyí. Bí ewé náà bá ń ṣe iṣẹ́ oògùn, ó ń ṣe ìpalára oògùn náà ni. Reserpine máa ń fa ìfúnpá wálẹ̀, ó ń mú oorun wọra, ó lè mú kí ara le gan-an, kí ìbànújẹ́ sì bo èèyàn mọ́lẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ń lo oògùn ilé ìwòsàn láàárọ̀, tí wọ́n tún ń fún un ní àgbo asofẹ́yẹjẹ lálẹ́ láìsọ fún dókítà, ìlọ́po méjì ló ń gbé mì. Irú wọn ló ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tí òòyì á kọ́ wọn, tí wọ́n á ṣubú lulẹ̀.

Chlorpromazine àti haloperidol náà ní tiwọn. Nígbà mìíràn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, pàápàá ọ̀dọ́kùnrin, ọrùn rẹ̀ lè ṣàdédé yí sí ẹ̀gbẹ́ kan kó há síbẹ̀, kí ẹyinjú rẹ̀ yí sókè, kí ahọ́n rẹ̀ yọ síta. Ẹni tí kò mọ̀ á ní àwọn ayé ló ń bá a jà, á sì gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Oògùn ló fà á, abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn sì lè tú u sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó tún máa ń tan ìdílé jẹ ni ti ẹsẹ̀ tí kì í dúró sójú kan. Aláìsàn á máa rìn lọ rìn bọ̀, kò ní lè jókòó jẹun tán, inú rẹ̀ á máa hó. Wọ́n á ní wèrè ti padà dé, wọ́n á fi kún oògùn, ìyẹn á sì tún dá kún wàhálà náà. Ọwọ́ lè máa gbọ̀n, ojú lè dá bíi pé kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́. Oòrùn tètè máa ń jó ara ẹni tó ń lo Largactil. Nǹkan oṣù obìnrin lè dúró, omi sì lè máa jáde lọ́yàn rẹ̀ láìlóyún. Tí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ẹnu àti ahọ́n àwọn kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra wọn. Èyí tí wọn ò gbọdọ̀ fi ṣeré rárá ni ibà líle tó bá wá pẹ̀lú kí ara le gbagidi, kí ọkàn aláìsàn sì dàrú. Kíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n má sì fún un ní oògùn náà mọ́ títí dókítà á fi rí i, nítorí ó lè pa èèyàn.

Ẹ wá wo ọgbọ́n inú ètò Lambo. Ta ló máa kọ́kọ́ rí ọrùn tó yí? Ta ló máa mọ̀ pé ọmọ yìí ò sùn lánàá? Ẹni tó bá a wá ni. Dókítà ń rí aláìsàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó ń dáná fún un ń rí i látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àwọn tó ń lo oògùn yìí lónìí ní Maryland, Ọ̀rẹ́gún, Ìkẹjà àti Agége kò ní abúlé tó máa gbà wọ́n. Yàrá kan ní Mẹ́ńdè ni ẹlòmíì ń gbé, ilé iṣẹ́ ló sì ń lọ. Kò fẹ́ kí ọ̀gá mọ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ ni, oògùn tó ń mú oorun wá àti ẹ̀rọ tó lè gé ọwọ́ á wá pàdé lára èèyàn kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ á kàn pa oògùn tì. Ṣùgbọ́n dókítà lè yí àkókò lílò rẹ̀ padà, ó lè dín in kù, ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ tàbí kó fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù dípò rẹ̀, tí ẹni náà bá sọ ohun tó ń ṣe é. Láti Maryland, ojú Ikorodu Road kan náà ló gbé èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Yaba, LASUTH sì wà ní Ìkẹjà. Kẹ́místì ẹ̀gbẹ́ ilé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí, kì í sì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tó léwu jù ni dídá a dúró lójijì nítorí pé ara ti yá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, oògùn ló jẹ́ kí ara yá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, àìsàn náà á padà, nígbà mìíràn pẹ̀lú agbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá gbàgbé oògùn àárọ̀ kò gbọdọ̀ gbé méjì mì pọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọtí àti paraga ń fi kún oorun rẹ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, kó tètè sọ fún dókítà ni. Àwọn oògùn tuntun bíi olanzapine kì í sábà mú ara le tó ti àtijọ́, àmọ́ wọ́n ń mú èèyàn sanra, ṣúgà sì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ti clozapine, ìlànà ni kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò léraléra. Ní Finland ní 1975, àwọn kan kú nítorí pé ó ba agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbógun ti àrùn jẹ́.

Lambo kò lo gbogbo ayé rẹ̀ ní Àrò. Ní 1961 ló pe àwọn dókítà jọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ lórí àìsàn ọpọlọ ní Áfíríkà. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ó sì di gíwá ibẹ̀ ní 1968. Sáà yẹn kò rọrùn: ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 1971, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjù, nígbà ìfẹ̀hónúhàn. Ọdún yẹn kan náà ni Lambo lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní Geneva. Láti 1973 títí di 1988, òun ni igbákejì olórí àjọ náà.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí WHO kọ́kọ́ ṣe àkójọ àwọn oògùn tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ṣaláìní, ní 1977. Chlorpromazine àti haloperidol wà níbẹ̀. Láàárín àwọn ọdún náà ni WHO ṣe ìwádìí kan ní ìlú mẹ́sàn-án, Ìbàdàn wà lára wọn, bíi London, Moscow àti Washington. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn aláìsàn Ìbàdàn ṣe dáadáa ju ti ọ̀pọ̀ ìlú ńlá òyìnbó lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní ìdílé tó dúró tini ló fà á.

Ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2004 ni Lambo kú, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 81. Ilé ìwòsàn Àrò ṣì ń gba aláìsàn ní Abẹ́òkúta.