Getúlio Vargas: Ààrẹ Tó Gba Èènì Kó Tó Fọwọ́ Sí Ọjà

 

Kò sí ẹni tí kò mọ èènì nínú wa. Bí a bá ra gààrí lọ́jà, a ó ní kí ìyá alátẹ fi díẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kí a tó sanwó la ti ń béèrè. Ẹni tó ti gbé gààrí rẹ̀ délé, tó wá padà lọ béèrè èènì, ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín in. Ìjọba náà máa ń béèrè èènì tó bá fẹ́ ra ọjà ńlá lọ́wọ́ òyìnbó: ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́, ẹ kọ́ iléeṣẹ́ sọ́dọ̀ wa, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wa. Ọkùnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú, kí ayé tó máa fi òfin ṣe é, ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ọdún 1882 ni wọ́n bí Getúlio Vargas ní São Borja, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Brazil, lẹ́bàá ààlà Argentina. Ìdílé olówó màlúù ni wọ́n bí i sí. Ó ṣe sójà fúngbà díẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì bọ́ sínú òṣèlú. Ó ṣe mínísítà ètò ìnáwó, lẹ́yìn náà ó di gómìnà ìpínlẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1930, ó du ipò ààrẹ, wọ́n ní kò wọlé. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, àwọn ológun tì í lẹ́yìn, ló bá gba ìjọba.

Báwo ló ṣe bá ilé? Kọfí ni Brazil fi ń jẹun, owó kọfí sì ti wálẹ̀ gan-an látìgbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé ti dojú dé lọ́dún 1929. Ó burú débi pé ìjọba ń dáná sun kọfí kí iye rẹ̀ lè gòkè. Òkúta tí wọ́n ń yọ́ di irin sì pọ̀ lọ jàra ní Minas Gerais, síbẹ̀ òkè òkun ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú irin tí wọ́n fi ń ṣe ojú irin. Bí àwa náà ṣe ń ta kòkó tí a sì ń ra ṣokoléètì nìyẹn.

Vargas fẹ́ iléeṣẹ́ irin ńlá. Lọ́dún 1939, US Steel ti Amẹ́ríkà rán àwọn onímọ̀ wá wo ibẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1940, wọ́n ní àwọn kò ṣe mọ́. Ẹlòmíì ì bá sinmi. Ṣùgbọ́n Ogun Àgbáyé Kejì ti bẹ̀rẹ̀, Brazil sì ti ń ra ohun ìjà lọ́wọ́ Krupp ti Jámánì. Wọ́n ní bí erin méjì bá ń jà, koríko ibẹ̀ ló ń fara gbá a. Vargas ní koríko tòun kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, ó bá àwọn ológun rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi. Ọ̀rọ̀ náà dà bíi pé ọ̀dọ̀ Hitler ló ń tẹ̀ sí. Ẹ̀rù ba Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, báǹkì ìjọba Amẹ́ríkà ti gbà láti yá Brazil ní 20 mílíọ̀nù dọ́là láti fi kọ́ iléeṣẹ́ irin.

Ẹ wo ibi tí ọgbọ́n wà o. Owó yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹ̀yáwó ni, Amẹ́ríkà náà ni wọ́n sì fi ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà, ti Brazil ni. Ìjọba àti àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fi owó tiwọn sí i, títí kan àpò owó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dá sílẹ̀ de ọjọ́ ogbó. Àwọn ẹ́ńjínnía wọn lọ kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ilẹ̀ wọn, Edmundo de Macedo Soares, sójà tó tún jẹ́ ẹ́ńjínnía, ló ṣe agbátẹrù iṣẹ́ náà. Wọ́n dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1941, wọ́n sì kọ́ ọ sí Volta Redonda, láàárín Rio àti São Paulo.

Brazil náà san tirẹ̀. Ó gba Amẹ́ríkà láyè láti lo ibùdó bàálù ní Natal, ibi tó súnmọ́ Áfíríkà jù. Ó tà á ní rọ́bà àti òkúta irin. Lọ́dún 1942 ó bá Jámánì àti Ítálì wọ ìjà, ó sì rán sójà bíi 25,000 lọ sí Ítálì. Ó lé ní 400 tí kò padà wálé.

N kò ní fi ẹ̀yìn rẹ̀ pa mọ́ fún yín. Lọ́dún 1937, Vargas ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pa, ó fagi lé ìbò, ó fi àwọn alátakò sẹ́wọ̀n, ó sì fún ìwé ìròyìn lọ́rùn. Àwọn ológun ló yọ ọ́ lọ́dún 1945. Nígbà tí Volta Redonda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1946, ẹlòmíì ló wà lórí àga. Ó padà wọlé nípasẹ̀ ìbò lọ́dún 1950, ó dá iléeṣẹ́ epo Petrobras sílẹ̀ lọ́dún 1953. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1954, nígbà tí wọ́n há a mọ́ pé kó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó fi ìbọn gba ẹ̀mí ara rẹ̀ láàfin ìjọba. Gbogbo Brazil ló mì.

Àṣà tó fi sílẹ̀ kò kú. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Brazil ra bàálù Ítálì, Embraer tó jẹ́ iléeṣẹ́ wọn ló tò ó pọ̀ nílé láti ọdún 1971. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí bàálù ogun 36 pẹ̀lú Sweden lọ́dún 2014, wọ́n ní kí àwọn ẹ́ńjínnía wọn lọ kọ́ ọ, kí wọ́n sì to díẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ ní Brazil. Lónìí, bàálù Embraer ń fò lókè Nàìjíríà. Àwọn kan nínú wa ti wọ̀ ọ́ láti Èkó lọ sí Àbújá láìmọ̀.

Kí ló kàn wá? Nígbà tí mo wà ní girama, agbaṣẹ́ṣe kan wá ṣe ọ̀nà wọ ìlú wa. A gba màlúù, a gba ìrẹsì, a jó. Wọ́n ṣe tán, wọ́n gbé katakata wọn lọ. Kò sí ọmọ wa kan tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Nígbà tí ọ̀nà náà bàjẹ́, à ń wá àjèjì kiri.

Iṣẹ́ ọ̀nà míì tún ń bọ̀ o. Ìjọba ló ń sanwó rẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìjọba ló yẹ kí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ jẹ́ ká ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé wọ́n á kọ́ ọmọ wa mẹ́wàá, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní wíwa katakata àti títún un ṣe. Kí iyanrìn àti búlọ́ọ̀kù wá láti ọwọ́ àwọn ará wa. Kí àwọn wẹ́dà wa náà ríṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń tà ti máa ń ro èènì mọ́ owó ọjà, àwa náà á sì dá owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Vargas náà dá tirẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí àkọsílẹ̀ ìpàdé tó ń bọ̀. Ìrẹsì á tán lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ ọwọ́ kò ní tán.

Ire o. Ìlú wa á gbòòrò.

Èmi ọmọ yín, olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́.