Dora Akunyili: Obìnrin tó sọ wá di ẹni tí ń ka ara páálí

Ìyá tó bá fẹ́ ra iyọ̀ tàbí òróró ní ọjà Ṣakí tàbí ti Ìṣẹ́yìn lónìí mọ ohun tí nọ́ńbà NAFDAC jẹ́, bí kò tilẹ̀ mọ̀wé. Yóò yí ìdì ọjà náà síwá sẹ́yìn, yóò sì ní kí ọmọ bá òun wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Àṣà yìí kò pẹ́ rárá láàárín wa. Bí a bá sì ń wá ẹni tó gbé e dé ẹsẹ̀ ilé wa, a kò lè fo orúkọ olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Nkem Akunyili dá.

Ìlú Makurdi ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 1954, ṣùgbọ́n ọmọ Nanka ní ìpínlẹ̀ Anambra ni àwọn òbí rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn pípò ní Yunifásítì Nsukka, ó gboyè àkọ́kọ́ ní 1978, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1985. Ọdún 1988 ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, Vivian, tó ní àtọ̀gbẹ, kú lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ayédèrú. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní bi í pé kí ló dé tó fi gbóná janjan tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ PTF, wọ́n fún un lówó pé kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní London. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní kò nílò rẹ̀, ó sì dá 12,000 pọ́n-ùn padà sápò ìjọba. Ta ló ń ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ yìí? Ìwà yìí wà lára ohun tó mú kí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi í ṣe olórí NAFDAC ní oṣù Kẹrin, ọdún 2001.

Gbogbo ayé ló mọ ogun tó bá àwọn oníṣòwò ayédèrú oògùn jà. Èyí tí a kì í sábà sọ ni ti oúnjẹ. Ní ọdún 2001 náà ni ibùdó ìwádìí IITA tó wà ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí káàkiri Nàìjíríà lórí ohun tí àwọn èèyàn ń jẹ. Wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n tí fítámì A kò tó lára wọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ara rẹ̀ kò sì ní lókun tó láti bá ìgbóná àti ìgbẹ́ gbuuru jà. Kí a má tan ara wa: àmàlà, ẹ̀bá funfun àti ẹ̀kọ tí a fi àgbàdo funfun ṣe ń yó ni o, ṣùgbọ́n fítámì A inú wọn kò ṣe gúnmọ́. Epo pupa àti ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ ló ń gbà wá. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, tí ẹ̀fọ́ sì wọ́n, kí ni yóò ṣẹ́ kù nínú abọ́ ọmọ tálákà?

Ìdí nìyí tí ìjọba fi pàṣẹ ní 2002 pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa po fítámì A mọ́ ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró. Àjọ SON gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, NAFDAC ti Akunyili sì ń tẹ̀ lé wọn dé ilé iṣẹ́. Wọ́n fi àwòrán ojú sí ara ìdì, kí ẹni tí kò mọ ìwé kà lè dá a mọ̀. Ti iyọ̀ ti wà ṣáájú rẹ̀. Láti 1993 ni wọ́n ti ń mú un ní dandan pé kí áyódíìn wà nínú rẹ̀ nítorí gẹ̀gẹ̀ àti àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò jí pépé. Òun ló sọ òfin náà di ohun tí àwọn oníṣòwò ń bẹ̀rù. Ní 2005, òfin tuntun jáde lórí ohun tó gbọ́dọ̀ wà lára ìdì oúnjẹ: àwọn èròjà inú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Àwọn tí oúnjẹ bọ́ lẹ́nu wọn kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 2003, wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní Anambra. Ọta gba inú gèlè rẹ̀ kọjá, ó ha á lórí, ṣùgbọ́n awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó wà nítòsí kú. Ní 2004, iná sọ ní ọ́fíìsì NAFDAC. Obìnrin náà kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Síbẹ̀, ibi kan wà tí agbára rẹ̀ kò dé. Òróró tí wọ́n ń bù láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò kò ní páálí tí ẹnikẹ́ni yóò kà. Ṣakí kò sì jìnnà sí ẹnubodè Benin ní Okerete. Ọjà tó bá gba ojú ọ̀nà igbó wọlé kì í dúró de ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn gan-an kò po fítámì náà tó ìwọ̀n.

Ó kúrò ní NAFDAC ní 2008, ó di mínísítà ètò ìròyìn, ó sì du ipò sẹ́nétọ̀ ní 2011, kò wọlé. Ọdún 2011 yẹn náà ni ìjọba fọwọ́ sí ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí fítámì A wà nínú rẹ̀ láti oko, èyí tí IITA lọ́wọ́ sí, tí kò nílò ilé iṣẹ́ kankan kó tó dé inú gààrí. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa Akunyili ní orílẹ̀-èdè India ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹfà, ọdún 2014, ẹni ọdún 59. Agulu, ìlú ọkọ rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí ní oṣù Kẹjọ ọdún náà.