Borodin: Oníṣègùn tí Orin Kò Jọ̀wọ́ Rẹ̀

Àwọn baba wa a máa kìlọ̀ pé ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Ìtàn Alexander Borodin, oníṣègùn ará Rọ́ṣíà, kò bá òwe yìí mu tán, kò sì ta kò ó pátápátá.

Ìlú St Petersburg ni wọ́n bí i sí ní 1833. Ọmọ-ọba ará Georgia ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kì í ṣe aya ilé. Baba yìí bá fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ nínú ìwé bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn ẹrú rẹ̀, Porfiry Borodin, ló bí i. Àwa tí a ń wo ilé kí a tó sọmọ lórúkọ mọ ìwọ̀n ohun tí èyí jẹ́: ọmọ di ẹrú baba tó bí i. Kí ọlọ́jọ́ tó dé bá baba náà, ó dá a sílẹ̀ lómìnira.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Borodin nígbà tó dá orin ijó kan. Ó mọ fèrè, dùùrù àti sẹ́lò. Síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló wọ̀ ní 1850. Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, wọ́n gbé àwọn ẹrú tí a nà ní ìnàkunà wá fún un láti tọ́jú. Ojú rẹ̀ kò gbà á, ó dákú. Ó gba oyè dókítà ní 1858, ó sì gbájú mọ́ kẹ́místírì. Orin wá di ohun ìdárayá lásán.

Heidelberg, nílẹ̀ Jámánì, ni iná àtijọ́ náà ti tún ràn. Ní 1861 ó pàdé Ekaterina Protopopova, ọmọbìnrin ará ilé rẹ̀ tó mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa. Ó fi í ṣaya ní 1863. Nígbà tó padà sílé ní 1862, Balakirev rọ̀ ọ́ kí ó kọ símfónì. Ọdún márùn-ún ni iṣẹ́ náà gbà á.

Kí ló fà á? Ẹ wo ilé rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé, ìbátan ń sùn káàkiri, kò sì lè tẹ dùùrù kí ó má baà jí wọn. Ìgbà àìsàn tàbí ìsinmi nìkan ni ó ń ráyè dá orin. Ìyẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń tọrọ àìsàn fún un dípò àlàáfíà. Nílẹ̀ wa, èpè pátápátá nìyẹn!

Ní 1872 ó wà lára àwọn tó dá ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ní St Petersburg, ó sì ń kọ́ wọn. Àwọn kan ń dárò pé iṣẹ́ yìí jí i lọ mọ́ orin lọ́wọ́. Èmi kò sí lára wọn. Ẹni tí a kọ sílẹ̀ bí ẹrú ló ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí a tì síta.

Ṣùgbọ́n ó san owó rẹ̀. Láti 1869 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ eré olórin ńlá rẹ̀, *Prince Igor*. Ní 1887, níbi àríyá ijó kan, ó ṣubú lulẹ̀, ó kú lẹ́ni ọdún 53. Eré náà kò tíì parí. Rimsky-Korsakov àti Glazunov ló parí rẹ̀, wọ́n sì ṣe é lójú agbo ní 1890. Ní 1954, eré *Kismet*, tí a fi ohùn orin Borodin ṣe, gba ẹ̀bùn Tony ní New York.